Ojú Mẹ́rin

Ó rí bí ọṣẹ, kò lè hó.
Ó wúwo bí ọmọ ọlọ, kò lè lọ ata.
Ogójì dọ́là ni mo rà á ní Brampton,
mo tẹ́ ẹ sí àárín ìrẹsì àti sàdíìnì
bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun sí àárín ìrọ̀rí.
Àńjọlá ní, "Màámi, ọjọ́ méjì péré là ń lọ."
Mo ní, kí lo mọ̀?
Wọn ò bí ọ sílé tí a ti ń fi etí ṣọ́ iná,
tí gbogbo àdúgbò ń hó yèè bó bá dé,
tí bàbá mi ń sáré lọ tan ẹ̀rọ omi
kí Nẹ́pà tó pa èrò dà.
Ẹni tí òkùnkùn tọ́ dàgbà
kì í fojú kékeré wo wáyà.

A wa mọ́tò ní wákàtí márùn-ún, a dé Killarney.
Òkúta pupa bí ẹ̀yìn màlúù,
adágún omi tó dákẹ́ bí àwo tí a fọ̀ tán.
Fọlárìn pàgọ́, àgọ́ wó.
Ó tún un pa, ó wọ́. A fi í bẹ́ẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ ṣú, ojú mẹ́rin ló là lára páwà báǹkì náà.
Fìtílà mu ọ̀kan.
Fóònù Fọlárìn mu ọ̀kan,
nítorí ó ti ya ọ̀kẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ní ọgọ́rin fọ́tò.
Mo ní ó tó gẹ́ẹ́!
Mo fi ìborùn mi wé èyí tó kù.
Ti ìyá mi ni.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, bó bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkirè,
tí tiwa ṣì jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀,
á pè. Bí n kò bá gbé e,
á rò pé mo ti kú.

Aago mọ́kànlá òru, ẹsẹ̀ dún lórí ewé gbígbẹ.
Mo rò pé béárì ni. Mo di ìkòkò mú.
Colette ni, ìyá àgbà inú àgọ́ kejì, ará Sudbury,
kóòtù lórí aṣọ ìsùn.
René ọkọ rẹ̀ kì í sùn láìsí ẹ̀rọ
tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú.
Bátìrì ẹ̀rọ ti kú.
Bàbá ń ta jí, ó ń ta jí,
bí ẹni tí wọ́n ń rì sómi.
Colette ò tọrọ nǹkan.
Ó kàn ń wo ìmọ́lẹ̀ àgọ́ wa.

Ẹ má purọ́ fún mi pé ẹ̀yin ò ní rò ó.
Mo rò ó.
Mo rí ìyá mi lórí àga, fóònù létí,
ojú méjì sì ń wò mí látinú ìborùn, wọn ò ṣẹ́.
Àńjọlá, tí mo rò pé ó ti sùn,
ló tú ìborùn náà.
Kò wo ojú mi.

Ilẹ̀ mọ́. Colette dá a padà pẹ̀lú abọ́ búlúbẹ́rì kan.
Kò sí ojú kankan lára rẹ̀ mọ́. Ọmọ ọlọ lásán.
René ń fọ eyín létí omi, ó ń súfèé.
Mo fi ìdá márùn-ún tó kù nínú fóònù mi gun orí òkúta,
mo nà án sókè, mo nà án sósì,
bí ẹni ń fi ẹja han ológbò.
Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sí.
Kò sí lánàá náà.
Kò sí láti ìgbà tí a ti yà kúrò lójú títì ńlá.
Mo rẹ́rìn-ín títí ẹyẹ kan fi fò.

Nítòsí Parry Sound, inú mọ́tò, fóònù jí:
ìpè mẹ́tàdínlógún,
ohùn ìyá mi, tó ń pariwo bí ẹni tó wà lódì kejì odò:
"Ṣé ẹ ti jẹun?
Iná ti lọ níbí látàná.
Fóònù ìyá Wúràọlá ni mo yá. Tètè pè padà,
òun náà fẹ́ lò ó."